Ẹ Bi Apẹja: Ọ̀pá, ìwọ̀ àti okùn fún ẹja báàsì

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lórí báàsì lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an, mo kó àwọn tó jọra pọ̀, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹ má bínú. Àwọn tó ń béèrè ibi tí ẹja máa ń sá pamọ́ sí, ẹ fún mi láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ la ń sọ lónìí.

Bọ̀dá Apẹja, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa báàsì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹni tó ń tajà wá ní kí n ra mẹ́ta, ó ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? (Ọmọ Tuntun Létí Omi)

Àbúrò mi, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ò tíì kàn ẹ́. Àwọn tó ń fi báàsì ṣe ìdíje máa ń to ọ̀pá rẹpẹtẹ sínú ọkọ̀ ojú omi torí wọn ò ráyè máa tú ìdẹ so ìdẹ, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọ̀pá kan tó dáa tó ẹ.

Kó o tó wo àwọ̀ ọ̀pá tàbí orúkọ kọ́ḿpìnì, wo òkè ibi tí ọwọ́ ń dì mú díẹ̀, wàá rí lẹ́tà wínníwínní kan tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á kọ bó ṣe gùn tó, wọ́n á kọ medium tàbí heavy, wọ́n á kọ fast tàbí moderate, wọ́n á wá kọ ìwọ̀n okùn ní pọ́n-ùn (ìyẹn agbára tó lè gbà kó tó já) àti ìwọ̀n ìdẹ ní áńsì. Ìwọ̀n ìdẹ yẹn ni kó o kọ́kọ́ kà, torí òun làwọn èèyàn kì í kà. Tí wọ́n bá kọ áńsì 1/4 sí 5/8, tó o wá so ìdẹ 1/16 mọ́ ọn, ọ̀pá ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́nu òun, kò ní tẹ̀, ìdẹ ò ní lọ síbì kankan, apá lásán ni wàá máa jù. Tó o bá sì so èyí tó wúwo jù, o lè ṣẹ́ ṣóńṣó ẹ̀ níbi tó o ti ń jù ú.

Medium àti heavy, agbára ọ̀pá nìyẹn, bó ṣe le tó kó tó tẹ̀. Fast àti moderate ní tiwọn ń sọ ibi tó ti ń tẹ̀. Tó bá jẹ́ fast, apá òkè lọ́hùn-ún nìkan ló ń tẹ̀, ìyókù á dúró gbọn-in, tó bá jẹ́ moderate, á tẹ̀ títí dé àárín. Àwọn kan á ní ọ̀pá fast ni ọ̀pá tó le. Rárá o, ọ̀pá lè jẹ́ light kó tún jẹ́ fast.

Ohun tí mo máa rà tí n bá jẹ́ ẹ ni ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 7 tàbí 6 àbọ̀, medium, fast, pẹ̀lú ríìlì (ẹ̀rọ tí okùn wé mọ́) spinning, èyí tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, kí n wé okùn pọ́n-ùn 8 tàbí 10 sí i. Ó máa ju ekòló rọ́bà, ó máa fa ìdẹ onírin tó ń yí nínú omi, ibi tí agbára ẹ̀ mọ ni àárín koríko tó dí. Owó tó bá kù, fi ra ìwọ̀ àti okùn tó dáa, torí àwọn yẹn ló ń fojú kan ẹja.

Ẹ̀gbọ́n, ríìlì baitcaster tí mo rà fẹ́ sọ mí di wèrè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ju ìdẹ, okùn á wú jáde látinú ríìlì, á lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún mi ni. (Okùn Dàrú)

Ríìlì ẹ ò bàjẹ́ jàre. Nínú spinning, kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́ kì í yí tó o bá ń ju ìdẹ, okùn kàn ń bọ́ kúrò lórí ẹ̀ ni. Ti baitcaster yàtọ̀, kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń yí kí okùn tó tú. Ìdẹ á gbéra pẹ̀lú eré, afẹ́fẹ́ á sì máa dín eré ẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ò mọ̀, ó ṣì ń yí lọ ní tiẹ̀, okùn tó ń tú á wá pọ̀ ju èyí tí ìdẹ ń fà lọ, kó o tó mọ̀ ó ti di irun tí wọn ò yà látọdún tó kọjá.

Bọ́tìnì róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó o fi ń yí ríìlì. So ìdẹ tó o fẹ́ lò gan-an, gbé ọ̀pá sókè, tẹ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kó o wá máa wo bí ìdẹ ṣe ń bọ̀. Fún bọ́tìnì yẹn títí ìdẹ á fi máa rọra sọ̀ kalẹ̀, tó bá ti kan ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ náà dúró, kó má tún yí mọ́. Gbogbo ìgbà tó o bá ti pààrọ̀ ìdẹ ni wàá tún un ṣe, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ṣètò ẹ̀ fún áńsì 1/2, wọ́n á wá so 1/4, wọ́n á ní ríìlì ti bàjẹ́. Bíréèkì tó wà lápá kejì, gbé e sókè dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, bọ́wọ́ ẹ bá ṣe ń mọ̀ ọ́n kó o máa dín in kù. Àtàǹpàkò ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí kẹ̀kẹ́, jẹ́ kó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kó o wá tẹ̀ ẹ́ pa kí ìdẹ tó balẹ̀ sómi.

Má fi ìdẹ fúyẹ́ kọ́ ọ, má sì kọjú sí atẹ́gùn. Ìdẹ áńsì 1/2 tí wọ́n ti yọ ìwọ̀ ẹ̀ kúrò, okùn mọ́nò (okùn ọ̀rá onífọ́nrán kan) pọ́n-ùn 14, àti pápá tó fẹ̀, ó tán.

Ọmọ mi, nọ́ńbà ìwọ̀ yìí ò yé mi. Mo ra nọ́ńbà 6, mo rò pé á tóbi ju 2 lọ, àfi bó ṣe kéré sí i. Wọ́n tún wá ń sọ fún mi pé 3/0 ni kí n rà. Èwo ni 3/0? (Ìyá Apẹja)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, àwọn tó ṣètò ẹ̀ ni. Ní ìsàlẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ìwọ̀ á ṣe kéré tó, 6 kéré sí 4, 4 kéré sí 2, títí dé 1. Tó bá ti kọjá 1, ó máa yí padà, 1/0 tóbi jù ú lọ, 2/0 tóbi ju ìyẹn, ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀. Torí náà 3/0 tóbi gan-an ju 6 tẹ́ ẹ rà lọ, kò sí ìpín kankan ńbẹ̀, ẹ má wò ó bíi ìṣirò.

Fún ekòló rọ́bà ìńṣì 6, 3/0 dáa. Ti ìńṣì 7 lè gba 4/0, tó bá gùn tó ìńṣì 10 ẹ lọ sí 5/0. Tó bá jẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n máa ń so sókè òjé, nọ́ńbà 1 tàbí 2 ti tó. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ lẹ máa wò o, ẹ wo bí rọ́bà yẹn ṣe sanra tó. Tí báàsì bá ti pa ẹnu dé, rọ́bà á kó jọ sínú kọ́lọ́fín ìwọ̀, tí kọ́lọ́fín yẹn bá há, rọ́bà á kún ibẹ̀, ẹnu ìwọ̀ ò ní ráyè kan ẹran. Rọ́bà tó bá sanra, ẹ ra ìwọ̀ tí ikùn ẹ̀ fẹ̀, wọ́n máa ń kọ EWG sára páálí ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi sí i kó má bàa kọ́ koríko rèé. Ẹ ki ẹnu ìwọ̀ bọ orí ekòló, bíi 1/4 ìńṣì péré, kẹ́ ẹ yọ ọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á títí orí ekòló á fi dé ibi tí okùn wà, ẹ yí ìwọ̀ padà kó kọjú sára ekòló, ẹ gbé e lé e kẹ́ ẹ rí ibi tó máa kàn, ibẹ̀ gan-an lẹ máa gún kọjá, kẹ́ ẹ wá fi ṣóńṣó ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ awọ. Ekòló gbọ́dọ̀ nà tọ́ọ́rọ́. Tó bá ti ká, á máa yí nínú omi, okùn yín á lọ́.

Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ fa ẹnu ìwọ̀ yẹn lórí èékánná yín jẹ́jẹ́. Tó bá há, ó mú. Tó bá yọ̀ lọ, ẹ pọ́n ọn tàbí kẹ́ ẹ jù ú nù, ì báà jẹ́ inú páálí lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́.

Tí mo bá ju ìdẹ líle tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, èyí tó máa ń rì tó ń gbọ̀n, ẹja á mú, àmọ́ á bọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀pá mi heavy ni, fast. (A-mú-sọnù)

Ọ̀pá ẹ ni. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tín-ín-rín, kì í wọlé jìn, ọ̀pá tó le gbọn-in á já a kúrò lẹ́nu ẹja. Wá moderate, àwọn tó fi fiberglass ṣe dáa fún un. Tó bá sì mú, má já ọ̀pá sókè, ṣá máa yí ríìlì lọ kó o fa ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjá burúkú yẹn, ti ekòló rọ́bà ni.

Mo ra okùn bírédì (èyí tí wọ́n hun) pọ́n-ùn 50, kí ẹja ńlá má bàa já a. Ọ̀gá kan létí omi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? (Mi Ò Fẹ́ Wàhálà)

Báàsì ẹlẹ́nu ńlá (largemouth) tó tóbi jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀, George Perry ló mú un ní Georgia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1932, pọ́n-ùn 22 àti áńsì 4 ni. Lọ́dún 2009 Manabu Kurita mú òmíràn ní adágún Biwa ní Japan, ó fi díẹ̀ bíńtín jù ú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kà wọ́n sí ọgbọọgba. Àwọn ọba nìyẹn, èyí témi àtìwọ máa rí kò ní tó ìdajì ẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n ẹja ló ń jẹ́ ká lo 50, koríko ni. Tí báàsì bá wọ abẹ́ òṣíbàtà tàbí tó yí okùn mọ́ kùkùté, o gbọ́dọ̀ lè fa òun àti ewé jáde pa pọ̀, ibẹ̀ ni bírédì 50 àti ọ̀pá heavy ti wúlò. Ṣé irú omi tó ò ń lọ nìyẹn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Tí omi bá mọ́ gaara, bírédì máa hàn, fi okùn fluorocarbon bíi ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí iwájú ẹ̀, ìyẹn kì í hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú omi, ó sì máa ń rì. Mọ́nò ní tiẹ̀ kì í tètè rì, ó sì máa ń nà, ó dáa fún ìdẹ orí omi. Bírédì kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, torí náà tú dírágì (bíréèkì ríìlì tó ń jẹ́ kí okùn jáde tí ẹja bá fà á) sílẹ̀ díẹ̀, ṣe é kí okùn lè máa jáde tó o bá ti fa bíi ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ibi tó ṣe aláìlágbára jù nínú okùn ẹ. Má sì wé e mọ́ ọwọ́ láti fi já a, á gé ẹ.

Kókó tó bá a mu ni Palomar. Ká okùn sí méjì, tì í bọ ojú ìwọ̀, ta kókó kan tí ò fún, mú ìwọ̀ gba inú ìká yẹn kọjá, fi itọ́ rin ín, kó o wá fà á. Itọ́ yẹn ṣe pàtàkì, ojú okùn tó gbẹ máa ń gbóná tó o bá fún un, ibẹ̀ ló ti ń já, pàápàá mọ́nò àti fluorocarbon.

Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ fẹ́ máa tẹ̀ lé mi. Ṣé kí n fún un ní ọ̀pá mi àtijọ́? (Bàbá Ọmọ)

Rárá sà, á gùn jù fún un. Ra ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 5 àbọ̀ fún un, pẹ̀lú ríìlì tó ní ìdérí, tí wọ́n kàn máa ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀. Fi páláyà tẹ eyín tó kọjú sẹ́yìn lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀, tó bá gún un tàbí gún yín, á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Okùn mi ń já láìsí ẹja lẹ́nu ẹ̀, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó wọ́n jù, ó ṣì ń já. (Ó Sú Mi)

Má tíì ra òmíràn. Mú òwú tí wọ́n fi ń nu etí, fi yí inú òrùka kọ̀ọ̀kan tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá, bẹ̀rẹ̀ látorí ṣóńṣó, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ gba ìyà. Ibi tí òwú bá ti kọ́, tó fa fọ́nrán sílẹ̀, òrùka yẹn ti ya, òun ló ń gé okùn ẹ. Jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ òrùka yẹn nìkan, kó o gé bíi ẹsẹ̀ bàtà 10 dànù níwájú okùn, kó o ta kókó tuntun.