Àbúrò mi kò mọ̀ pé adájọ́ ni wọ́n gbé òun síwájú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ń tún ọ̀kadà ṣe nítòsí Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fọ́ gíláàsì mọ́tò ẹnì kan, wọ́n sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní kí adájọ́ san owó táyà tó jẹ òun. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà ló wà báyìí. Màmá wa ní kó ṣáà gbà pé òun jẹ̀bi kọ́rọ̀ lè parí, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo. Kí ni ká ṣe? (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rín yẹn dùn mí.

Bá mi bẹ màmá yín, kí wọ́n má jẹ́ kó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó rò pé onígbèsè òun ni adájọ́, báwo ló ṣe máa mọ ohun tí “mo jẹ̀bi” máa fà? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní kí adájọ́ tó bá fura pé ọpọlọ olùjẹ́jọ́ kò pé débi tó fi lè rojọ́ ara rẹ̀ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ á dúró, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ ná. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ṣe irú òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti la ẹnu sọ fún kọ́ọ̀tù, ìtìjú sì ni kì í jẹ́ kí ẹbí sọ ọ́.

Kì í ṣe dandan kó yá pátápátá kó tó lè jẹ́jọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ́ọ̀tù fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, òògùn àti oorun nìkan ni. Lẹ́yìn náà mo to àga mẹ́ta: èyí ni adájọ́, èyí ni ọlọ́pàá tó pè ọ́ lẹ́jọ́, èyí ni lọ́yà rẹ. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àga lọ́yà ti ti ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan ó gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ní, “Ẹni yìí ni mo lè sọ òótọ́ fún.” Ó ṣì ń gbóhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tó wà.

Ní Amẹ́ríkà, inú jéèlì gan-an ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń ṣe irú ìtọ́jú tó ń mú kéèyàn lè jẹ́jọ́ yìí, torí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò tó. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn irin ń dún tòru-tọ̀sán kọ́ ni ọpọlọ ti ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ ní 1972 pé a ò lè ti èèyàn mọ́lé títí láé torí pé kò lè jẹ́jọ́ nìkan. Kí lọ́yà yín di irú ọ̀rọ̀ yẹn mú níbí náà: kó máa béèrè ọjọ́ tí dókítà máa padà jábọ̀ fún kọ́ọ̀tù.

Bẹ́ ò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìlówó ní lọ́yà. Kí lọ́yà náà ní kí kọ́ọ̀tù pàṣẹ pé kí dókítà ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá orí rẹ̀ ti dàrú lọ́jọ́ tó fọ́ gíláàsì, ìyẹn di ìgbà tí ìgbẹ́jọ́ bá padà.

Ti àgbo, ẹ má gbé e wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ bá a. Àgbo àti abẹ́rẹ́ ọpọlọ lè jọ kun èèyàn lóorun ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti lo òògùn ilé ìwòsàn rí, kọ orúkọ òògùn náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ Iléṣà, kó o fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lọ́wọ́. Sì bi àbúrò rẹ bóyá ó ń sùn.