Ọ̀bẹ Eléyín àbí Èyí Tẹ́nu Ẹ̀ Dán: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ni mò ń gbé, mo máa ń bá àwọn tó ń tajà ní Wúsè kó ẹrù lọ fáwọn kọ́sítọ́mà wọn ní Gwarinpa, Lugbe àti ibòmíì. Ojoojúmọ́ ni mò ń gé okùn tí mò ń ya páálí, tí ebi bá sì dé mo lè fẹ́ bó ọsàn tàbí mọ́ńgòrò jẹ. Mo fẹ́ ra ọ̀bẹ kékeré kan tó ṣeé ká wọnú èèkù, kí n lè máa fi sápò. Bàbá Hausa tó ń tà á kó mẹ́ta síwájú mi: ọ̀kan ẹnu ẹ̀ dán gbọọrọ, ọ̀kan léyín bí ayùn láti ìdí dé orí, ẹ̀kẹta léyín nídìí àmọ́ ó dán lápá iwájú. Bàbá ní kí n mú eléyín torí kì í kú láéláé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní irọ́ ni. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n ra méjì o, owó ò sí. (Ònkàwé, Kúbwà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, èyí tẹ́nu ẹ̀ dán ni kó o rà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí bàbá tó ń tà á ò purọ́ fún ẹ, ohun tó rí ló sọ, ó kàn ku ibì kan tí ò sọ dé.

Tó o bá padà débẹ̀, gbé eléyín yẹn sójú kó o wò ó dáadáa. Wàá rí ṣóńṣó eyín, wàá sì rí kòtò láàárín eyín kan sí èkejì. Tó o bá fi gé nǹkan lórí pákó tàbí lórí abọ́, ṣóńṣó yẹn ló ń kan pákó, òun ló ń jẹ gbogbo ìyà, inú kòtò ò kan nǹkankan, torí náà ṣóńṣó lè ti jẹ tán kí inú kòtò ṣì máa gé okùn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kì í kú. Eyín yẹn tún máa ń kó agbára ọwọ́ ẹ jọ sójú kan, á kọ́kọ́ gún nǹkan kó tó fà á ya, okùn ọ̀rá tó máa ń yọ̀ ò ní ráyè yọ̀. Tó bá jẹ́ okùn àpò ìrẹsì ni, tàbí bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò, tàbí okùn tí omi ti rin, tàbí búrẹ́dì tí èèpo ẹ̀ le, eléyín ni bàbá níbẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ̀rọ̀ ti wá dìjà.

Ọsàn tó o ní o fẹ́ máa bó yẹn ńkọ́? Lọ dúró ti àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì kó o wo ọwọ́ wọn. Ọ̀bẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, ọsàn ló ń yí, àtàǹpàkò ló ń darí ẹ̀, èèpo á máa jáde tín-ín-rín láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì já, funfun abẹ́ ẹ̀ á ṣẹ́ kù sára ọsàn, omi kan ò ní kán. Ohun tó jẹ́ kíyẹn ṣeé ṣe ni pé ẹnu ọ̀bẹ tẹ́ láti ìdí dé orí, bó o ṣe tì í ló ń lọ. Gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú eléyín, eyín kan á wọlé èkejì á họ ọ́, èèpo á já sí wẹ́wẹ́, omi ọsàn á ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ kó o tó bó ìdajì.

Páálí náà ńkọ́, ìwọ tó ń gbé ọjà ọlọ́jà. Eyín máa ń há sínú téèpù, ó sì máa ń fa páálí ya jákujàku, tó o bá wá fi agbára fà á kó lè tú, ó lè kọjá sínú kó bá aṣọ tàbí ọ̀rá ọjà tó wà níbẹ̀. Èyí tó dán, orí ẹ̀ nìkan ni wàá fi la téèpù, wàá sì mọ ibi tó wọlé dé. Kí n tún fi kún un pé púpọ̀ nínú àwọn eléyín yìí, apá kan ṣoṣo ni wọ́n lọ̀, apá kejì pẹrẹsẹ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gé tààrà, wọ́n á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ pípọ́n, torí àwọn èèyàn máa ń rówó ra ọ̀bẹ àmọ́ wọn ò kí í ronú ẹni tó máa bá wọn pọ́n ọn. Kò sí irin tí kì í kú. Ọ̀bẹ tó kú ló sì ń géni lọ́wọ́ jù, torí wàá fi agbára tì í, á yọ̀, ibi tó máa balẹ̀ sí ò sí lọ́wọ́ ẹ mọ́. Èyí tẹ́nu ẹ̀ dán, òkúta ìpọ́nbẹ alápá méjì ti tó, apá kan ń ha, apá kejì sì kúnná, nọ́ńbà bíi 400 àti 1000 ni wàá rí lára ẹ̀. Bu omi sí i, tẹ́ ọ̀bẹ sórí ẹ̀, gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè díẹ̀, bíi dìgírì 15 sí 20, kó o máa tì í láti ìdí lọ sí orí, má jẹ́ kí ọwọ́ gòkè sọ̀kalẹ̀. Tó bá yá, wàá fọwọ́ kan irin tínńtín kan tó ti yí sí apá kejì, á máa há ọmọ ìka ẹ díẹ̀díẹ̀. Tó ò bá tíì rí ìyẹn, o ò tíì pọ́n nǹkankan, máa bá a lọ. Tó o bá ti rí i, yí ọ̀bẹ padà kó o ṣe apá kejì, lẹ́yìn náà kó o máa ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì, jẹ́jẹ́. Fà á sẹ́yìn lórí bẹ́líìtì awọ ní ìparí. Ara bébà ni kó o ti dán an wò o, má fi àtàǹpàkò dán an wò rárá.

Eléyín wá ńkọ́? Irin róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣóńṣó lọ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, kòtò kan lẹ́ẹ̀kan, apá tí wọ́n lọ̀ nìkan, tó o bá ṣe gbogbo kòtò tán wàá wá rọra fi apá pẹrẹsẹ nu òkúta. Ta ló fẹ́ ṣèyẹn lẹ́yìn tó ti gbé ẹrù láti àárọ̀? Àwọn tó ń gbé máṣíìnì ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò náà ò lè bá ẹ ṣe é, òkúta wọn tó ń yí yẹn á lọ gbogbo eyín dànù ni. Kódà tó bá jẹ́ dídán lo gbé fún wọn, dúró tì wọ́n, ní kí wọ́n máa ki í bọ omi. Tí ẹnu ọ̀bẹ bá ti yọ àwọ̀ búlúù, iná ti wọ̀ ọ́, irin ibẹ̀ ti rọ̀, wàá máa pọ́n ọn lójoojúmọ́ kò sì ní dúró.

Okùn tó ń dà ẹ́ láàmú, ọgbọ́n ẹ̀ wà. Tó o bá ń pọ́n èyí tó dán, dúró lórí apá òkúta tó ń ha, ìyẹn 400, má tẹ̀ síwájú dé 1000. Òkúta yẹn á fi eyín wínníwínní tójú ò lè rí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ, àwọn yẹn ló máa di okùn mú, kó o sì fà á nígbà tó o bá ń gé okùn, má tì í. Wàá ṣì fi bó ọsàn ẹ dáadáa. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀ torí kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta tí wọ́n pín sí méjì, mo mọ̀ pé ó máa wọ̀ ẹ́ lójú. Ọ̀bẹ àpò tí ẹnu ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tó o bá pín in sí méjì, kí ló kù? Eyín ò gùn tó láti fa okùn dáadáa, ibi tó dán ò gùn tó láti gé iṣu. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìdí ọ̀bẹ, nítòsí èèkù, níbi tí agbára ọwọ́ wà tá a sì fi ń gbẹ́ nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kó eyín sí. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó ti ń ṣe ọ̀bẹ àpò látijọ́ náà, dídán la mọ̀ wọ́n mọ́. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Savoie nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1890, Karl Elsener gbé ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ológun jáde ní Switzerland lọ́dún 1897, òun ló di Victorinox táwọn èèyàn ń gbé kiri lónìí. Victorinox yìí kan náà ló ń ṣe RescueTool fáwọn tó ń yọ èèyàn nínú jàǹbá mọ́tò, ìyẹn wá léyín, torí bẹ́líìtì ló fẹ́ gé, kò bá ọsàn wá. Tó o bá fẹ́ ọ̀bẹ kan tó máa sùn sínú mọ́tò nítorí jàǹbá, eléyín ni kó o fi síbẹ̀.

Kó o tó sanwó, ṣí i, fi ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ tábìlì díẹ̀, kí ìka ẹ má sí lójú ọ̀nà. Tó bá fẹ́ ká, á jẹ́ pé kò ní ohun tó tì í, má fi irú ẹ̀ gún nǹkan láéláé, á ká mọ́ ẹ lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ máa ń kún ibi tó ti ń ká, fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, kán òróró máṣíìnì ìránṣọ síbẹ̀, òróró ẹ̀pà á dì mọ́ ọn ni. Lásìkò òjò, nù ún gbẹ kó o tó ká a, pàápàá tó o bá fi gé ọsàn, torí omi ọsàn máa ń jẹ́ kó dógùn-ún kíákíá. Tó o bá ń lọ sí báńkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba, jẹ́ kó wà nínú mọ́tò, tó bá sì jẹ́ bàálù lo fẹ́ wọ̀ ní Nnamdi Azikiwe, inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kó o kó o sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀ sà. Mo ń ta èso tí wọ́n ti gé sínú ike ní Mararaba, mo tún ń gé tòmátò àti kùkúńbà fáwọn tó ń ṣe sàláàdì. Ọ̀bẹ tí mò ń lò máa ń tẹ tòmátò fọ́. Ẹnì kan ní kí n ra eléyín, ṣé òótọ́ ni? (Ìyá eléso)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni mà, fún tòmátò. Èèpo tòmátò dán, ó sì nà, inú ẹ̀ rọ̀, ọ̀bẹ tí ò mú á kọ́kọ́ tẹ inú kó tó ráyè gé èèpo. Eyín máa gún èèpo yẹn kíá, ẹ rọra fà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ra kékeré táwọn eyín ẹ̀ wẹ́, kò wọ́n, tó bá kú ẹ ra òmíì. Àmọ́ bàrà, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́ mà, gígùn tẹ́nu ẹ̀ dán ni kẹ́ ẹ lò, eyín á fa ojú ẹ̀ jákujàku, omi á sì ti jáde sínú ike kí kọ́sítọ́mà tó dé. Tí dídán yẹn bá ti ń kú láàárín ọjà tẹ́ ò sì ní òkúta, ẹ dojú kọ́ọ̀bù tánganran dé, ìdí ẹ̀ tí ò dán yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ rìn lórí ẹ̀ lápá méjèèjì, á gbé yín dé ìrọ̀lẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Iléyá ń bọ̀, ṣé mo lè fi ọ̀bẹ eléyín pa àgbò? (Ònkàwé, Kàdúná)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Hádíìsì tí Shaddad ibn Aws gbà wá, tó wà nínú Sahih Muslim, sọ pé kí ẹni tó fẹ́ pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀ kó sì dín ìnira ẹran náà kù, eyín tó ń fa ọrùn ya ò sì dín nǹkankan kù. Ọ̀bẹ gígùn tẹ́nu ẹ̀ dán ni, tó ń gé bébà láì ṣẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì ti pọ́n ọn nílé, kì í ṣe lójú àgbò. Ọ̀bẹ àpò náà kúrú jù fún un. Tó bá di àtibó awọ, ẹ lè mú kékeré yẹn jáde, ẹ fi orí ẹ̀ la awọ níbi ẹsẹ̀ àti ikùn nìkan, ìyókù ẹ fi ìkúùkù tì í kúrò lára ẹran, torí ẹni tó fẹ́ ra awọ lọ́wọ́ yín ò ní san owó awọ tó ti lu.