Ìbò Òmìnira: Ṣé Ìdajì Lé Ẹyọ Kan Ti Tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn. Mo ní bí àwọn tó dìbò fún òmìnira bá fi ẹyọ kan péré ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́gi lé ìbò tí ọ̀pọ̀ èèyàn dì? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì ni ìbò tó pọ̀ jù fi ń já sí asán. Nínú ọ̀kan, òfin ti sọ kí ẹnikẹ́ni tó dìbò pé ìdajì kò tó. Nínú èkejì, wọ́n ka ìbò tán, aláṣẹ kan wá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn. A fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Èkejì dà bí ẹni tó pààrọ̀ kóńgò lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn gàrí.

Ẹ wo Nevis, erékùṣù kékeré kan ní Kàríbíánì, tí òun àti Saint Kitts jọ gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Abala 113 ìwé òfin wọn gbà kí Nevis yapa, ó sì la ọ̀nà rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn ní Nevis gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àlàyé kíkún nípa bí ìjọba tuntun yóò ṣe rí gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé aṣòfin fún oṣù mẹ́fà, kó sì wà lọ́wọ́ àwọn olùdìbò fún 90 ọjọ́, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni ìbò ará ìlú, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òun náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1998, èèyàn 2,427 ní àwọn fẹ́, 1,498 kọ̀. Ìdá 61.8 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìbò 190 ló kù kó pé. Nevis kò lọ.

Kí ló dé tí òṣùwọ̀n fi ga tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba tí a yàn lónìí, a lè lé e lọ lọ́dún mẹ́rin sí i. Ìyapa kò rí bẹ́ẹ̀: a ó pín gbèsè, a ó pààrọ̀ ìwé ìrìnnà, a ó fa ààlà, owó ìfẹ̀yìntì yóò bọ́ sí àpò mìíràn. Bí ará ìlú bá yí ọkàn padà lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò sí ọ̀nà àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí Montenegro, tó fẹ́ yapa kúrò lára Serbia, fi gba ìdá 55 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù là kalẹ̀ ṣáájú ìbò 2006. Wọ́n rí 55.5, wọ́n sì di orílẹ̀-èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí wọn ò ti là nǹkan kan kalẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Faroe, lábẹ́ Denmark, ní oṣù Kẹsàn-án 1946, nǹkan bí 160 ìbò ni ìyapa fi borí. Ohun méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò: àbá ìjọba Denmark, tàbí ìyapa. Ẹni tó fẹ́ agbára ju ti àbá náà lọ láìfẹ́ yapa kò rí ibi tẹ̀ka sí, àwọn kan sì ba ìwé ìbò wọn jẹ́. Ọba Denmark tú ilé aṣòfin erékùṣù náà ká, wọ́n tún dìbò ní oṣù Kọkànlá, àwọn ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ìyapa sì borí. Ní 1948 wọ́n gba ìṣàkóso abẹ́lé. Ọwọ́ ọba yẹn wúwo lójú wa, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọ̀dọ̀ ará ìlú ni ìbéèrè padà sí.

Ti Western Australia ló dùn wá jù. Ní 1933, èèyàn 138,653 ní kí àwọn kúrò lára Ọsirélíà, 70,706 kọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí London. Ní 1935, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin níbẹ̀ ní kò tọ́ kí àwọn gbà á wọlé láìjẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, lọ́jọ́ ìbò yẹn gan-an, àwọn olùdìbò kan náà lé ìjọba tó ṣètò rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, ẹni méjì nínú mẹ́ta kì í ṣe ẹni tí à ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ lórí.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ló sọ èyí tó yé wa jù, ní 1998, lórí Quebec, ìpínlẹ̀ Kánádà kan tí ọ̀rọ̀ ìyapa wà nílẹ̀ rẹ̀: bí ìbéèrè bá ṣe kedere, tí ọ̀pọ̀ tó fẹ́ lọ sì hàn kedere, dandan ni kí ìhà méjèèjì jókòó dúnàádúrà. Quebec kò lè fúnra rẹ̀ dìde lọ. Kánádà náà kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ̀bi, ẹ̀yin náà kò sì jìnnà sí òótọ́.

Ìbéèrè: Ṣé a ti lo irú òṣùwọ̀n gíga bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà rí? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe fún òmìnira. Ní oṣù Keje 1963, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Mid-West kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, òfin béèrè ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò, kì í ṣe ti àwọn tó jáde nìkan. Ó rọrùn fún Mid-West láti kọjá a. Ẹ ṣọ́ra fún irú òṣùwọ̀n yìí, nítorí ẹni tó jókòó sílé ti di ẹni tó kọ̀. Ní Scotland ní 1979, nígbà tí wọ́n fẹ́ ilé aṣòfin tiwọn, ìdá 51.6 àwọn tó dìbò ló gbà. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ pé ìdá 40 orúkọ inú ìwé, 32.9 ló jẹ́. Orúkọ òkú ṣì wà nínú ìwé náà, àti ti àwọn tí orúkọ wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì.