Iná Kú, Àìsàn Ò Lọ: Ìbéèrè Yín Lórí Èéfín Ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú ọkọ̀ mi tó ń lo pẹtiróòlù. Mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kóòdù P0420. Ó ní katalísítì (àpótí abẹ́ ọkọ̀ tó ń fọ èéfín mọ́) ti kú, òun máa gé e kúrò, òun á jó páìpù lásán sípò rẹ̀, òun á sì fi irin róbótó kan sábẹ́ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kí iná náà lè kú. Ṣé kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́?

Ìdáhùn: Páìpù lásán fúnra rẹ̀ kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ohun tó pa katalísítì ló lè bà á jẹ́, mẹkáníìkì yín kò sì tíì wá a rárá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí P0420 ń sọ. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kan wà níwájú katalísítì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti iwájú a máa lọ sókè sódò láàárín volt 0.1 àti 0.9 bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe ń fi epo kún un, tó tún ń dín in kù. Ti ẹ̀yìn yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bí 0.6 tàbí 0.7, torí katalísítì tó yè máa ń fi ọ́síjìn pamọ́, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá wá ń jó bíi ti iwájú, kọ̀ǹpútà á tanná. (Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní irú sẹ́ńsọ̀ mìíràn níwájú tí kì í jó báyìí, ti ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹjú mọ́.) Irin róbótó yẹn kàn ń fa sẹ́ńsọ̀ sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà èéfín ni, kó má bàa tètè gbóòórùn. Láti ọjọ́ náà lọ, kọ̀ǹpútà ti dití síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn, ẹ jẹ́ kó wo páìpù èéfín láti ẹnu ẹ́ńjìnnì títí dé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn. Bí ó bá lu, á máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì máa purọ́. Àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni kí ẹ fetí sí i. Ìró "fù-fù-fù" ni ẹ óò gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bóyá kóòdù P0300 tàbí P0301 sí P0304 (wọ́n ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì) wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú: epo tí púlọ́ọ̀gì kò jó nínú ẹ́ńjìnnì yóò lọ jó nínú katalísítì, ooru ibẹ̀ lè kọjá 1,000°C, amọ̀ oníhò bí afárá oyin tó wà nínú rẹ̀ á sì yọ́ pọ̀. Ọ́ìlì tó ń dínkù láìjò sílẹ̀ náà jẹ́ apani, nítorí fọsifọ́rọ́ọ̀sì àti síǹkì inú rẹ̀ máa ń bo ojú katalísítì. Omi radiétọ̀ tó ń lọ láìríbi tó gbà lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí.

Bí ọkọ̀ kò bá lè gun òkè mọ́, ẹ wọn ìfúnpá. Tú sẹ́ńsọ̀ iwájú (ẹnu ihò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ M18 × 1.5), kí ẹ fi gééjì síbẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́ẹ́, kò yẹ kó kọjá 1.25 psi, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 rpm, kò yẹ kó ju 3 psi lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, katalísítì ti dí. Ìgbà náà ni ẹ tó lè sọ pé ó kú, ìgbà tí ẹ bá sì ti tún ohun tó pa á ṣe ni kí ẹ tó ra tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun náà á tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ má fi gírísì kan orí sẹ́ńsọ̀ bí ẹ bá ń dá a padà.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi kò rú èéfín dúdú. Kí ni wọ́n tún ń pariwo sí?

Ìdáhùn: Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Òun ló ń pa ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tó ti ilẹ̀kùn. Gáàsì náítírójìn ọ́ksáídì (náítírójìn tó so mọ́ ọ́síjìn) ń ta ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń bí kùrukùru olóró bí oòrùn bá pa á. Pílátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù inú katalísítì ló ń sọ wọ́n di gáàsì tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa títí wọ́n á fi gbóná tó nǹkan bí 250°C sí 300°C. Ìyẹn ló fà á tí ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdáná fi ń dọ̀tí ju ìrìn àjò tó kù lọ.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ akẹ́rù dísù ni mo ń lò. Asẹ́ èéfín rẹ̀ ń dí ṣáá. Àwọn kan ní kí n yọ ọ́, kí n dí EGR (ọ̀nà tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì) pa, kí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà kọ. Ẹlòmíràn ní òun ní àpótí kan tó ń rọ́pò AdBlue (omi tí wọ́n ń fún sínú èéfín dísù láti fọ̀ ọ́ mọ́). Kí ni mo máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀sùn yín kì í ṣe irọ́, ẹni tó bá sọ pé asẹ́ èéfín kò lè dí kò tíì wa ọkọ̀ dísù láàárín ìlú rí. Asẹ́ náà máa ń kó ìdọ̀tí dúdú inú èéfín jọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa jó o dànù ní nǹkan bí 600°C. Ẹni tó ń rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń pa ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á wá máa fún epo kún un nígbà tí jíjó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí èéfín lè gbóná. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì láàárín èyí léraléra, epo yẹn á rọra ṣàn gba ara písítìnì lọ bá ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dínkù, tó ń rùn bíi dísù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọ́ìlì tó ti fẹ́lẹ́ kò lè dáàbò bo béárìn mọ́.

Ìwòsàn rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì wà lókè 2,000 rpm, kí epo inú táǹkì sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Bí fáànù bá ń ké kíkan tí ẹ́ńjìnnì sì ń sáré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ dúró, ó ń jó ìdọ̀tí lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ má pa á. Ẹ lo ọ́ìlì onípele C ti ACEA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù) bí ìwé ọkọ̀ bá béèrè fún un, torí eérú rẹ̀ kéré. Eérú kò jọ ìdọ̀tí dúdú: iná kò lè jó o mọ́. Asẹ́ tó kún fún eérú, yíyọ fọ̀ ni tàbí pípààrọ̀, kò sí ìrìn àjò tó lè wò ó.

EGR ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú rẹ̀ má gbóná jù, torí ooru yẹn ló ń bí gáàsì náítírójìn ọ́ksáídì. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́. Bí fáàfù rẹ̀ bá há, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti àpótí yẹn, irọ́ ló ń pa fún kọ̀ǹpútà pé AdBlue ń lọ dáadáa. Ẹnu ihò tó ń fún AdBlue á máa dí nínú nígbà náà (yùríà 32.5 nínú 100 ni AdBlue, bí ó bá gbẹ, á di iyọ̀ funfun), ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì da AdBlue sínú táǹkì dísù, kó má tan ẹ́ńjìnnì rárá. Kó kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú táǹkì náà nù.

Ìbéèrè: Volkswagen jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, òun náà rẹ́ ayé jẹ. Kí ló dé tí wọ́n tún ń lé àwa tá a ní ọkọ̀ kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó tọ́ ni. Sọ́fítíwíà inú ọkọ̀ dísù wọn máa ń mọ ìgbà tí wọ́n gbé e sórí àgbá ìdánwò, lára ohun tó sì ń tọ́ka sí ni pé táyà ń yí, sítíárìn kò yí. Á wá mú èéfín mọ́ fún àkókò náà nìkan. Àwọn olùwádìí West Virginia University ni wọ́n so ẹ̀rọ ìwọn-èéfín mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n wà á lójú títì, àbájáde wọn sì jáde lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, EPA, àjọ àyíká Amẹ́ríkà, fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà: gáàsì náítírójìn ọ́ksáídì tó ń jáde lójú títì tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà láwọn ìgbà kan. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ló kàn káàkiri ayé. Lọ́dún 2017 ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi, owó ìtanràn ìwà ọ̀daràn sì jẹ́ bílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Kì í ṣe tuntun pẹ̀lú: lọ́dún 1998, ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù méje san mílíọ̀nù 83.4 dọ́là ní Amẹ́ríkà fún irú ẹ̀tàn kan náà.

Ní Yúróòpù, ẹjọ́ ti "fèrèsé ooru" gùn: kọ̀ǹpútà ń fọ èéfín mọ́ kìkì nígbà tí ooru ìta wà láàárín 15°C àti 33°C, tí ibẹ̀ kò sì ga ju mítà 1,000 lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) sọ pé irinṣẹ́ ẹ̀tàn nìyẹn.

Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà kò dá ilé-iṣẹ́ nìkan lẹ́bi: ó ka yíyọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ léèwọ̀, ó ka ṣíṣe tàbí títa ohun èlò tó ń yí i po léèwọ̀. EPA ṣírò lọ́dún 2020 pé ọkọ̀ dísù tó ju 550,000 ni wọ́n ti yọ tiwọn láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ń takò ó ní ọkọ̀ eré ìje nìkan ni àwọn ń ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí pápá ìje nìkan ṣeé jiyàn lé lórí. Èyí tí wọ́n lẹ "fún ìje nìkan" mọ́ lára tó ń gbé sìmẹ́ǹtì lójoojúmọ́ kò ṣeé jiyàn. California ní ọ̀nà tó dára jù lójú tiwa: ohun èlò tó bá yege ìdánwò pé kò fi kún èéfín yóò gba nọ́ńbà àṣẹ, ẹni tó bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀ rẹ̀ á wá nọ́ńbà náà lára ohun tó ń rà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò tíì fọwọ́ kàn án?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ abẹ́ rẹ̀ wò fún ojú wẹ́dà tuntun. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí katalísítì nígbà tó bá tutù: bí ó bá dún gbangan, wọ́n ti kó inú rẹ̀, bí ó bá ń ṣe kẹ̀kẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ wo àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ti parí. Bí ti katalísítì kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti nu kóòdù láàárọ̀ yẹn kí ẹ tó dé. Kí ẹ tó tanná sí i, ẹ kàn yí kọ́kọ́rọ́ lásán. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n ti kọ kọ̀ǹpútà náà tún.