Ọmọ yín kò yege Ishihara: àyẹ̀wò wo ló kù?

Ẹ̀yin màmá wa, ẹ ní ọmọ yín kò yege ìwé Ishihara, ìwé àwọn àmì aláwọ̀ tí wọ́n fi ń wò bóyá ojú ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀, níbi àyẹ̀wò ìlera àwọn tó fẹ́ wa ọkọ̀ òfurufú ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wá tún un ṣe lórí fóònù, ó yege. Èwo ni kí ẹ gbà gbọ́? Ẹ fi ti fóònù sílẹ̀. Bí ojú fóònù kan ṣe ń gbé àwọ̀ jáde yàtọ̀ sí òmíràn.

Ojú tèmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ kúrò lára pupa, mo sì ti jókòó ti àwọn àyẹ̀wò yìí. Láti 1917 ni Ishihara ti wà, ó mọ bí a ṣe ń mú ẹni tó ní ìṣòro pupa àti àwọ̀ ewé. Bó ṣe le tó ni kò lè sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè irú iná tí wọ́n lò, torí iná gílóòbù tó pupa rúsúrúsú máa ń da èsì rẹ̀ rú.

D-15, àyẹ̀wò títo àwọ̀, ló là mí lójú. Wọ́n da ìdérí aláwọ̀ kéékèèké 15 síwájú mi, wọ́n fi búlúù kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n máa to èyí tó bá jọ ọ́ jù tẹ̀ lé e. Mo gbé elésè àlùkò ti èyí tó jọ ewé. Lójú mi, ìbejì ni wọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ kò le á tò ó já geere, kódà kó má yege Ishihara.

Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ òfurufú, CAD, àyẹ̀wò àwọ̀ tí wọ́n ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà, ni kó lọ ṣe. City University ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é. Àwòrán onígun mẹ́rin aláwọ̀ kan á máa sáré kọjá láàárín àwọ̀ eérú tó ń ṣẹ́jú, ọmọ á tẹ bọ́tìnnì tó bá ìhà tó gbà lọ mu. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ìṣòro ṣe le tó ló ń fúnni, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn: bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ni ìṣòro, kò gbọdọ̀ tó 6, bó bá jẹ́ pupa, kò gbọdọ̀ tó 12.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́. Lóòótọ́, ara kúrómósómù X (ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí) tí ìyá ń fún ọmọkùnrin ni ìṣòro yìí ń bá wá, ṣùgbọ́n ẹ kò fọwọ́ ara yín fà á. Màmá tèmi náà sunkún bẹ́ẹ̀, ó dùn mí gan-an. Àmọ́ bó bá jẹ́ àìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀, tàbí ọmọ ń lo oògùn ethambutol fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ tètè rí dókítà ojú.

Bí nọ́ńbà CAD rẹ̀ bá ti jáde, ẹ kọ ọ́ síbí, a ó jọ wò ó.