Kí ló dé tí ohùn sátẹ́láìtì fi ń já mọ́ wa lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Sátẹ́láìtì kéékèèké tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ń ṣe la fẹ́ máa gbọ́, lórí 437 MHz. A ní RTL-SDR (ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ìgbì rédíò) àti ántẹ́nà Yagi, èyí tí à ń nà sí ibi tí a fẹ́ gbọ́. Ìgbà tó bá kan wa lórí nìkan la máa ń gbọ́ ọ, kò sì ń pẹ́ tó fi ń dákẹ́. Ṣé ántẹ́nà wa ni kò dáa?

ÌDÁHÙN: Ántẹ́nà kọ́. Eré tí sátẹ́láìtì ń sá ni: ó lé ní kìlómítà méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń bọ̀, ẹ óò bá ohùn rẹ̀ ní nǹkan bíi 10 kHz lókè iye ìgbì tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Bó ṣe ń lọ, á já wálẹ̀ sí 10 kHz nísàlẹ̀ iye náà, bí fèrè ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lọ sí Ìlọrin ṣe ń rẹlẹ̀ létí ẹni tó dúró. Ojú kan lẹ yí ẹ̀rọ yín sí, òun sì kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ so Gpredict, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ibi tí sátẹ́láìtì wà, mọ́ Gqrx, ètò tí a fi ń gbọ́ RTL-SDR (ojú ọ̀nà, ìyẹn port, 7356), kí ó máa bá yín tẹ̀lé e.

Àmọ́ ohun tí ẹ bá fún Gpredict ló máa lò. Ẹ máa gba TLE tuntun (ìlà nọ́ńbà tó ń sọ ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì) láràárọ̀ lórí ìkànnì CelesTrak. Ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ sì rántí pé wákàtí kan ni aago wa fi ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé. Ọ̀pọ̀ ló ń torí èyí pàdánù sátẹ́láìtì tó ti lọ tipẹ́.

Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, sátẹ́láìtì ló ń yí gbirigbiri; kò sóhun tó ṣe yín. Tó bá jẹ́ pé ó kàn rẹlẹ̀ ni, ẹ wo wáyà yín. Wáyà ántẹ́nà RG-58 tó gùn ní mítà 15 ń jẹ ju ìdajì agbára lọ lórí 437 MHz. Ìdí ántẹ́nà ni kí LNA (ẹ̀rọ tó ń fún ìgbì lágbára) wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

Bí sátẹ́láìtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn mìíràn, a kì í tètè mọ TLE ta ni ti ta. Nítorí náà, ẹ gba gbogbo ìgbì náà sílẹ̀ bó ṣe wá, èyí tí wọ́n ń pè ní IQ, kì í ṣe ohùn nìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè ju gígábáìtì kan lọ. Bí ẹ bá rí bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀, ẹ ó mọ TLE tó jẹ́ tirẹ̀.

Ó ń dùn wá pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń kó gbogbo owó sórí sátẹ́láìtì, tí wọ́n á fi ibùdó ilẹ̀, ibi tí a ti ń gbọ́ ọ, sí ìkẹyìn. Nigeria EduSat-1 tí FUTA lọ́wọ́ sí ní 2017 bá ti Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh jáde, orílẹ̀-èdè wọ̀nyí sì jọ pín ibùdó ilẹ̀ lò nígbà náà, torí ibùdó kan kì í rí i ju ìgbà díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wá ẹgbẹ́ yín ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin. Kí bátìrì kún kí sátẹ́láìtì tó yọ. Kò ní dúró de iná NEPA.