Èsì: "Fancy" ti aṣọ àti "fancy" ti ìfẹ́

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní báwo ni "fancy" tí à ń pe aṣọ aláràbarà ṣe tún di ohun tí ará Lọ́ńdọ̀nù fi ń sọ pé ọmọge kan wu òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Fantasy" ni wọ́n gé kúrú láàárín 1400 sí 1500. Àwòrán tí ọkàn ń yà ló sì túmọ̀ sí. Ohun tọ́kàn bá ń yà ṣáá kì í pẹ́ wuni, ni Shakespeare bá fi pe ìfẹ́ nínú eré rẹ̀, The Merchant of Venice. Àwọn tó ń sin ẹyẹlé nítorí ẹwà di "pigeon fanciers". Kódà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, "the Fancy" ni wọ́n ń pe àwọn tó ń tẹ̀lé ìjà ẹ̀ṣẹ́ kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù). Ní 1817, Coleridge, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní "imagination" ló ń dá nǹkan tuntun, pé ṣe ni "fancy" kàn ń to ohun tí ìrántí ti kó jọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn le jù, lójú tèmi. Ti aṣọ yẹn, ohun tí wọ́n fi dárà bó ṣe wu ọkàn ni, tí kì í ṣe aṣọ lásán.